Ọ̀sẹ̀ Tí Èéfín Kò Rú Nílé Wa

Nígbà tí mo wà lọ́mọdébìnrin ní Ìlá, ẹni mẹ́ta ló mọ ohun tó ń ṣe awọ ara mi, ohun tí kálukú wọn mọ̀ sì yàtọ̀. Ìyá àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, ní òtútù ni. Bàbá mi, tí wọ́n jẹ́ olùkọ́ ìjọ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, ní kúrúnà ni. Wolé-wolé, òṣìṣẹ́ ìmọ́tótó tí ìjọba wọ ṣòkòtò péńpé fún tí wọ́n sì fi ìwé lé lọ́wọ́ kó máa wo ilé onílé kiri, ní ìdọ̀tí ni. Ìyá mi nìkan ni kò sọ ohunkóhun, nítorí kò sẹ́ni tó bi wọ́n.

Ohun tó ń ṣe mí kò le láti ṣàlàyé. Bí òjò bá ń rọ̀, ara mi a máa dán bíi ti ọmọ ẹlòmíràn. Bí ọyẹ́ bá ti wọlé báyìí, kọ́lọ́fín ìgbọ̀nwọ́ mi méjèèjì, ẹ̀yìn orúnkún mi àti ọrùn mi a bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n. Lẹ́yìn náà ni yóò sú wínníwínní, tí yóò máa yún mi, tí n ó máa họ ọ́ títí omi yóò fi máa sun jáde níbẹ̀. Mo họra ní kíláàsì, mo họra ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo họra nígbà tí bàbá mi ń gbàdúrà pé kí Ọlọ́run bá wa mú un kúrò. Wọ́n á la ojú kan wò mí, wọ́n á sì fi kún àdúrà náà.

Ká má tan ara wa, ìlú wa fẹ́ràn èéfín. Ìyàwó ilé tí èéfín kò bá rú lórí òrùlé ìdáná rẹ̀ láàárọ̀, ojú ọ̀lẹ ni wọn yóò fi wò ó. Bí ilẹ̀ bá wá mọ́ dáadáa tí èéfín kò sì yọ nílé kan rárá, àwọn ará àdúgbò a ti máa ṣí fìlà, nítorí ilé tí ẹnìkan kú sí nìkan ni kì í dáná. Èéfín ilé nìkan kọ́. Nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, àwọn ọdẹ a máa tiná bọ igbó, mọ̀jàlà dúdú a máa fò wá bà lé aṣọ funfun tí a sá. Ọkọ̀ tó ń kó kòkó a máa da eruku pupa bò wá lójú títì, eruku náà kì í tíì wálẹ̀ tí ọkọ̀ mìíràn fi ń dé. A ó gbọn ara wa nù, a ó ní ọyẹ́ ọdún yìí mà le o, a ó sì wọlé lọ jókòó ti iná.

Ọdún tí mò ń sọ yìí, láàárín àwọn ọdún 1950, mo ti ṣe ìwé mẹ́fà tán, mo sì ti yege nínú ìdánwò ilé ẹ̀kọ́ kan tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn obìnrin níṣẹ́ tíṣà. Ohun tó kù ni kí n lọ fara hàn wọ́n. Lẹ́tà tí wọ́n kọ sí bàbá mi sọ ọ́ kedere: nọ́ọ̀sì yóò yẹ ara wa wò, ọmọ tó bá ní àrùn awọ ara, kó máa bá a gbé nílé rẹ̀. Ìparí oṣù kìíní ni wọ́n dá fún wa, ìgbà tí ọyẹ́ máa ń mú jù. Bí wọ́n bá dá mi padà, Ìyá àgbà ti ní ìdílé kan nílẹ̀ tó ń wá ìyàwó fún ọmọ wọn, wọ́n sì ti fi dá ìdílé náà lójú pé ara yíyún kì í dí ọmọ bíbí lọ́wọ́. Èmi, tíṣà ni mo fẹ́ dà. Mo fẹ́ ẹ débi pé mo máa ń fi ẹfun kọ ABD sára ògiri ẹ̀yìnkùlé, tí mo ń kọ́ àwọn adìyẹ.

Ni wọ́n bá dìde sí ọ̀rọ̀ mi. Ìyá àgbà ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Lókè ààrò wọn ni àjà wà, pẹpẹ igi tí a ń kó àgbàdo gbígbẹ àti ẹran ìgbẹ́ sí kí èéfín lè máa bá wọn níbẹ̀.

"Ṣé o rí àgbàdo yìí?" wọ́n bi bàbá mi, wọ́n na ìka sókè. "Ọdún kejì rẹ̀ rèé lórí àjà. Ṣé kòkòrò kan jẹ ẹ́?"

Bàbá mi ní rárá.

"Èyí tí o kó sí yàrá rẹ ńkọ́?"

Bàbá mi ní kòkòrò ti jẹ ẹ́ tán.

"Ó parí nìyẹn."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe sọ mí di àgbàdo. Wọ́n tẹ́ ẹní mi sábẹ́ àjà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, nínú ilé ìdáná tí kò ní fèrèsé, wọ́n sì ń ti igi tútù bọ iná kí èéfín lè pọ̀ dáadáa. Ẹran ìgbẹ́ wà lókè, èmi wà nísàlẹ̀, a jọ ń gbẹ lọ.

Bàbá mi kò fara mọ́ ọ̀rọ̀ àgbàdo, nítorí ọ̀làjú ni wọ́n. Inú ìwé pélébé kan ni wọ́n ti kà á pé imí ọjọ́ máa ń pa kúrúnà. Ìwé náà ní kí a pò ó mọ́ òróró, kí a fi pa ara. Bàbá mi rò ó wò pé bí èyí tí a fi pa ara bá lè ṣiṣẹ́ tó bẹ́ẹ̀, èyí tí a bá sun yóò ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n kó aṣọ mi àti ẹní mi sínú yàrá, wọ́n sun imí ọjọ́ nínú agolo, wọ́n ní kí n wọlé, kí n ti ilẹ̀kùn, kí n sì dúró síbẹ̀ fún ìwọ̀n ìgbà tí èèyàn lè kọ orin ìyìn kan tán. Àwọn fúnra wọn ló kọ orin náà, níta. Wọn kò fo ẹsẹ kankan.

Ti wolé-wolé ló wá burú jù, nítorí òfin ni tirẹ̀. Ó ti pàṣẹ pé kí gbogbo ilé máa sun pàǹtí wọn lórí ààtàn ní gbogbo ọjọ́ Sátidé: ewé, èèpo iṣu, àkísà, ìyẹ́ adìyẹ, àti bàtà tó bá ti gbó kọjá àtúnṣe. Àríwá ilé wa ni ààtàn àdúgbò wà. Láti àríwá náà ni ọyẹ́ ti ń fẹ́ wá, nítorí náà gbogbo bàtà tó gbó ládùúgbò ló ń gba ojú fèrèsé wa wọlé. Ní Sátidé kan, lẹ́yìn tó ti dúró ti iná náà títí ó fi jó dáadáa, ó yà sílé wa, ó rí ọrùn mi.

"Kí lèyí?" ó bi ìyá mi.

"Ara ló ń yún un, ọ̀gá."

"Ìdọ̀tí ni. Ẹ kì í sun pàǹtí tó."

Èmi ń húkọ́ lọ ní tèmi, omi ń dà lójú mi. Ó kọ nǹkan sínú ìwé rẹ̀, ó ní òun yóò padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, bí òun bá sì tún bá mi bẹ́ẹ̀, òun yóò kọ̀wé sí ilé ẹ̀kọ́ tí mò ń lọ pé àrùn wà nílé wa. Bàbá mi bẹ̀ ẹ́ títí dé ojú títì. Bàbá mi kì í bẹ ẹnikẹ́ni, àfi Ọlọ́run àti ẹni tó bá ní ìwé ìjọba lọ́wọ́.

Kí wolé-wolé má baà bá mi nílé, wọ́n gbé mi pa mọ́ sí abà àbúrò Ìyá àgbà, lọ́nà Ọ̀rà. Wọn kò rán mi lọ kí ara mi lè yá o, ìtìjú ni wọ́n fẹ́ fi pa mọ́. Ìyàwó bàbá arúgbó yìí ti kú, àwọn fúnra wọn kò sì fẹ́ràn iná dídá. Gààrí rírẹ ni wọ́n ń jẹ láàárọ̀, ọsàn ni lọ́sàn-án. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, wọ́n á sun iṣu kan lábẹ́ igi obì lọ́hùn-ún, tó jìnnà sí abà, wọ́n á sì da omi sí iná náà. Odò kékeré kan ń ṣàn lẹ́bàá ibẹ̀, igi kòkó ṣíji bò ó, eruku ọkọ̀ kò lè dé ọ̀dọ̀ wa. Mo bi wọ́n bóyá wọ́n ní oògùn kan fún ara yíyún. Wọ́n ní àwọn ò ní, pé kí n ṣáà máa họ ọ́ níwọ̀ntúnwọ̀nsì.

Lọ́jọ́ karùn-ún, mo sùn mọ́jú láì họra. Lọ́jọ́ kẹsàn-án, kọ́lọ́fín apá mi ti dán, àpá lásán ló kù níbẹ̀. Ọjọ́ yẹn ni ìyá mi wá wò mí. Wọ́n gbá apá mi mú, wọ́n yí i síwá sẹ́yìn nínú oòrùn. Wọn kò pariwo, wọn kò jó. Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n yọjú sínú abà, wọ́n wo gbogbo igun rẹ̀.

"Bàbá, ibo lẹ ti ń dáná?"

Bàbá arúgbó na ọwọ́ sí abẹ́ igi obì.

"Kò sí iná nínú ilé rárá?"

"Kí ni n ó fi ṣe? Ta ni mo fẹ́ sun?"

Ìyá mi rẹ́rìn-ín díẹ̀. Wọ́n ní bí ara mi ti dán báyìí, kí wolé-wolé wá wò ó, a sì jọ rìn padà sí Ìlá.

Bí a ṣe délé, inú gbogbo wọn dùn, kálukú sì yára gba ọpẹ́ tirẹ̀. Ìyá àgbà ní ṣé àwọn sọ ọ́, pé èéfín tí mo fà sára kí n tó lọ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Bàbá mi ní imí ọjọ́ ni, pé irú oògùn bẹ́ẹ̀ kì í yára. Wolé-wolé dé, ó yẹ ọrùn mi wò, ó ní pàǹtí sísun ló ṣe é, ó sì fi Ọjọ́rú kún Sátidé. Kò sẹ́ni tó dárúkọ abà. Kí àrùn náà má baà padà wá, wọ́n fi ohùn ṣọ̀kan fún ìgbà àkọ́kọ́: wọ́n dá mi padà sábẹ́ àjà, wọ́n sun imí ọjọ́ díẹ̀ fún ìdúpẹ́, ààtàn náà sì ń jó lọ́wọ́. Lọ́jọ́ kẹta, ọrùn mi ti pọ́n. Lọ́jọ́ kẹrin, omi ti ń sun jáde. Ó wá ku ọjọ́ mẹ́sàn-án péré tí n ó lọ rí nọ́ọ̀sì. Mo jókòó ti ògiri tí mo kọ ABD sí, mo sunkún gidigidi. Ẹ̀rù ilé ọkọ ń bà mí, inú sì ń bí mi sí gbogbo wọn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo rí ìyá mi tí wọ́n ń kó igi ìdáná jáde lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan. Wọ́n wa eérú dànù. Wọ́n bu omi nínú ìkòkò, wọ́n dà á sí ààrò. Ìyá àgbà gbọ́ bó ṣe dún, wọ́n sáré yọ.

"Ìyàwó, ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú, ìyá."

"Kí ló dé tí o fi pa iná? Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé mi wọ ilé yìí, ẹ̀yinná ààrò yìí kò kú rí!"

"Ẹ má bínú, ìyá. Ọjọ́ mẹ́jọ péré ni. Bí ọmọ yìí bá ti rí ibi tó ń lọ wọ̀, iná yín á tún máa jó."

"Kí la ó máa jẹ?"

"Ẹ̀kọ tútù."

Bàbá mi jáde láti yàrá, Bíbélì wà lábíyá wọn. Ìyá mi kúnlẹ̀, wọ́n ṣàlàyé: ní abà, kò sí èéfín, ara ọmọ yá, nílé, èéfín wà, ara ọmọ bàjẹ́. Àlàyé náà kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bàbá mi ronú títí, wọ́n ń wá ibi tí ìwé pélébé wọn ti lè ta kò ó, wọn kò rí i.

"Tíì mi ńkọ́?" ni wọ́n bi níkẹyìn.

Ìyá mi bu omi tútù fún wọn. Báyìí ni ilé olùkọ́ ìjọ ṣe wọ ààwẹ̀ tí kò sí nínú kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì.

Lọ́jọ́ kejì tí èéfín kò rú nílé wa, àwọn ará àdúgbò dé. Wọ́n kọ́kọ́ dúró lọ́ọ̀ọ́kán, wọ́n gbójú sókè wo òrùlé. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wọlé, àwọn ọkùnrin ṣí fìlà, àwọn obìnrin fọwọ́ lérán.

"Ẹ kú ìrọ́jú o. Ọlọ́run yóò fi mọ báyìí."

Ìyá mi ní kò sẹ́ni tó kú. Wọ́n mi orí tàánútàánú, wọ́n ní bí ọ̀fọ̀ ṣe máa ń rí lójú ẹni lọ́jọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kà wá. Bàbá mi wà ńlẹ̀. Ìyá àgbà wà ńlẹ̀, wọ́n tilẹ̀ le ojú sí wọn. Ó wá kan èmi, inú yàrá ni mo sì wà, nítorí eruku.

"Yéè!" ìyá kan ké. "Ọmọ tó fẹ́ lọ kọ́ṣẹ́ tíṣà!"

Kí n tó wá aṣọ ró, wọ́n ti ń sọ irú ọmọ tí mo jẹ́: pé n kò bú àgbà rí, pé ìwé kò le fún mi, pé ara tó ń yún mi yẹn ni àwọn fi mọ̀ pé n kò ní pẹ́. Mo dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn díẹ̀, mo gbọ́ ọ, nítorí kò sẹ́ni tó yìn mí bẹ́ẹ̀ rí. Nígbà tí mo jáde, ìyá tó ń ké wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó sì tún ké.

Nígbà tó dájú pé a pé, wọ́n gbà pé iná ilé wa ló kú, tí ojú sì ń tì wá láti tọrọ. Ṣé ẹ mọ àánú ará Ìlá? Kí oòrùn tó gòkè, ẹ̀yinná ti dé láti ilé méje. Àpáàdì méje wà nílẹ̀ ní ìloro wa, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń rú èéfín tirẹ̀. Ìyá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Wọ́n dúró títí gbogbo wọn fi lọ tán, wọ́n da omi sí méjèèje, wọ́n fọ àpáàdì, wọ́n sì lọ dá wọn padà fúnra wọn. Obìnrin ilé kejì kò kí wa mọ́ fún odindi ọdún kan.

Nígbà tí Ọjọ́rú kù fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́, ìyá mi mú ọkọ́, wọ́n gbẹ́ ihò ńlá sábẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀, wọ́n sì kó gbogbo ohun tó wà lórí ààtàn, tiwa àti ti àwọn aládùúgbò, wọ́n rì í mọ́lẹ̀. Wolé-wolé dé, kò rí ohun tí yóò sun. Ó yọjú sí ilé ìdáná wa, kò rí eérú, kò rí igi, ilẹ̀ gbẹ níbẹ̀. Ó wo ọrùn mi, ó ti ń gbẹ. Ó pe àwọn ará àdúgbò jọ.

"Ẹ wo ilé yìí dáadáa!" ó ní. "Èrè ẹni tó bá ń sun pàǹtí nìyí."

"Bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀gá," ni bàbá mi wí.

Ìyá mi ń wo ilẹ̀.

Nítorí kò sí iná, ìyá mi kò ní ohun tí wọn yóò ṣe láàárọ̀. N kò rí ìyá mi kí wọ́n jókòó ní kùtùkùtù rí, àfi ní ṣọ́ọ̀ṣì. Lọ́jọ́ kẹfà, a jọ jókòó ní ìloro, à ń pa ẹ̀gúsí, ìmọ́lẹ̀ oòrùn sì bọ́ sí wọn lápá. Kọ́lọ́fín ìgbọ̀nwọ́ wọn dúdú, ó nípọn bí èèpo igi. Mo ti rò pé bí àwọ̀ wọn ṣe rí nìyẹn. Ṣùgbọ́n èèpo náà ti ń ṣí, awọ tuntun ń yọ lábẹ́ rẹ̀, ó rí bíi tèmi gẹ́lẹ́.

"Ìyá, ẹ̀yin náà?"

"Ó ti pẹ́."

"Kí ló dé tẹ́ ò sọ?"

"Ta ni n ó sọ fún? Wọn ì bá gbé èmi náà lọ sábẹ́ àjà." Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì fọwọ́ ra apá wọn lẹ́ẹ̀kan. "Bí mo bá sì sọ ọ́, ta ni yóò dáná?"

Mo lọ rí nọ́ọ̀sì. Ó fa apá mi síbi fèrèsé, ó wo àpá ara mi, ó bi mí pé oògùn wo la lò. Mo ní a pa iná ni. Ó ní n kò gbọ́ ìbéèrè òun. Mo tún un sọ. Ó kọ ọ́ sínú ìwé pé ara mi mọ́, ó pe ẹni tó kàn.

Ọjọ́ tí mo ti ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì dé, Ìyá àgbà ló kọ́kọ́ jáde lọ tọrọ ẹ̀yinná. Bàbá mi mu tíì ife mẹ́ta léra wọn. Nígbà tí lẹ́tà dé pé mo wọlé, wọ́n ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, bàbá mi sì sọ fún ìjọ pé Ọlọ́run lo imí ọjọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí mò ń lọ, ìyá mi ti wà ní ìdáná kí n tó jí, wọ́n ń ṣe ọ̀lẹ̀ tí n ó jẹ lọ́nà. Mo fẹ́ wọlé lọ kí wọn. "Má sún mọ́bí o!" wọ́n pariwo láti inú èéfín. "Dúró sí ìta!" Wọ́n jáde wá bá mi, omi ń bọ́ lójú wọn, wọ́n na oúnjẹ náà sí mi láti òkèèrè kí òórùn èéfín má baà kan aṣọ ilé ẹ̀kọ́ mi. Ọrùn wọn ti tún ń pọ́n. Mo rí i. Mo gba oúnjẹ, mo dúpẹ́, mo sáré lọ wọ ọkọ̀.

Bí ọkọ̀ ṣe ṣí, mo bojú wẹ̀yìn, mo rí èéfín tó ń rú lórí òrùlé wa, inú mi dùn, mo nawọ́ sí i fún ọmọbìnrin tó jókòó tì mí pé ilé wa nìyẹn. Mo ṣe tíṣà fún nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún, mo sì kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ẹ̀kọ́ ìmọ́tótó títí ohùn mi fi há. Ọjọ́ mẹ́jọ ni ìyá mi fi pa iná nítorí tèmi. Èmi kò pa á fún wọn lọ́jọ́ kan.